Ìkòkò Òrí Ìbíọlá

Ní agbo ilé Ògúnsanwó, ní abúlé kan lápá Datcha nítòsí Atakpamé, ìkòkò òrí kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ó jìn o. Bí òrí inú rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń kó tuntun lé ti àtijọ́ lórí, nítorí èèwọ̀ ilé náà ni pé a kì í ha ìkòkò òrí gbẹ. Wọ́n ní ọdún tí ìkòkò bá gbẹ, ọmọ ò ní dúró nínú ilé. Obìnrin tó dàgbà jù nìkan ló sì ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí à ń wí yìí, tí ogun ńlá àwọn òyìnbó ń lọ sópin, tí Faransé ń jọba lé gbogbo ilẹ̀ Atakpamé lórí, Ìbíọlá ni obìnrin náà.

Ẹ ò mọ Ìbíọlá. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti wẹ àwọn ọmọ tán, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á sì máa gbé wọn lé itan lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń sunkún, á ní ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu odò lọ. Èyí tó bá ń rẹ́rìn-ín, á ní eyín rẹ̀ jọ ti òkété. Bó ti ń bú wọn náà ló ń fi òrí pa wọ́n lára láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, títí wọn ó fi máa dán. Ọmọ tí kò bá tí ì gba ọwọ́ Ìbíọlá kọjá kì í lọ sùn nínú ilé náà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé òrí inú ìkòkò yẹn kì í ṣe òrí lásán mọ́. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ara Ògúnkọ̀yà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà, wọ́n mú un lọ síbi iṣẹ́ ipá lójú ọ̀nà Anié, iṣẹ́ tí kọmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà, ń fi tipátipá mú àwọn ọkùnrin ṣe, ibẹ̀ ni ọkọ́ ti gé e lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wú, ó ń rùn, gbogbo ilé ti gbà pé ó di arọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Atakpamé, wọ́n bu ìyẹ̀fun funfun kan sí i, kò sì pẹ́ rárá tí egbò náà fi panu dé. Wọ́n di ìyókù fún un pé kó máa lò ó nílé títí yóò fi tán. Ẹ̀yin náà, ta ní ń lo oògùn tán nígbà tí ara ti yá? Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá lo oògùn gbẹ ń ránṣẹ́ pe àìsàn mìíràn ni. Bí Ògúnkọ̀yà ti rí i pé ẹsẹ̀ òun gbẹ, ó kó ìyókù fún ìyá rẹ̀ pé kó bá òun fi í pamọ́.

Ìbíọlá wo nǹkan funfun inú bébà náà títí. Ó rò ó pé, bí èyí bá lè lé egbò tó ti wọlé jáde, ṣé kò ní lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tí kò tí ì wọlé ni? Ó dúró kí ilé dá, ó dà á sínú ìkòkò òrí, ó fi ọwọ́ pò ó títí kò fi hàn mọ́. Kò sọ fún Ògúnkọ̀yà, kò sọ fún Àpọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe ìkà ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìfẹ́ ni.

Ó sì ṣiṣẹ́, èèyàn ò lè purọ́ mọ́ ọn. Kòkòrò tó bá jẹ ọmọ ilé Ògúnsanwó kì í degbò mọ́. Ọmọ tó bá ṣubú tí orúnkún rẹ̀ bó, á gbẹ wẹ́rẹ́. Nígbà tí ìyẹ̀fun tán, Ìbíọlá gbéra ó di ìsọ̀ Sàlísù lọ́jà Atakpamé. Sàlísù jẹ́ ọmọ Ìlọrin, òwú, abẹ́rẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ló ń pàtẹ, ṣùgbọ́n ó tún ní èyí tí kì í pàtẹ: kóró oògùn funfun tí wọ́n ń gbé gba inú igbó wọlé láti ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ó ní egbò ni o, eéwo ni o, ibà ni o, kò sí èyí tí kì í sá fún un. Ó wá bẹ Ìbíọlá pé bí gáàdì ìjọba bá bi í, kó má dárúkọ òun. Díẹ̀díẹ̀ ni Ìbíọlá ń rà á, ó ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, ó ń pò ó mọ́ òrí. Ọdún yí, ọdún tún yí, ìkòkò kò gbẹ, oògùn kò sì kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn ìyá agbo ilé mìíràn gbọ́, wọ́n ń mú ewé wá, ó ń bù fún wọn. Ìbíọlá kì í ṣe ahun. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ló tutù, pé orí ló fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìyá Olóòrí. Òun mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ òun. Ṣùgbọ́n ìyìn dùn létí arúgbó, ó gbọ́ ọ, ó sì dákẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti Àpọ̀kẹ́. Obìnrin yẹn ti bí, ó ti sin, ó tún bí, ó tún sin, kó tó bí Olúgbódi. Ìka mẹ́fà lọmọ náà gbé wá lọ́wọ́ òsì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìka kẹfà kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Bí Ìbíọlá bá ń pa ọmọ náà lára, ìka yẹn ló máa ń fi sí ìgbẹ̀yìn, á rọra fi òrí rà á, á ní, "Èyí ni tèmi." Ọmọ náà mọ̀ ọ́n débi pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń na ọwọ́ òsì sí i, á sì máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní kí Ìbíọlá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ pààrọ̀ ti Olúgbódi, kò ní bèèrè ìdí.

Láàárín òjò ọdún kan, nǹkan sú sí Olúgbódi lẹ́yìn etí. Ó léròrò, ó bẹ́, omi inú rẹ̀ gbẹ lé e lára, ó pọ́n bí oyin tó dà sílẹ̀. Ìbíọlá kò kà á sí. Ó bu òrí lé e, ó ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan náà kò lọ. Ó gba ọrùn, ó gba èjìká, ó dé ẹ̀yìn, ibi tó bá sì ti kan, ọyún ni. Àwọn ọmọ mìíràn nínú ilé náà ní díẹ̀díẹ̀ lára, àmọ́ ti Olúgbódi ló burú jù. Kí ni Ìbíọlá ṣe? Ohun tó mọ̀ náà ló ṣe. Ó fi kún oògùn inú ìkòkò. Nígbà tí kò gbọ́, ó tún fi kún un. Ó padà lọ bá Sàlísù, Sàlísù búra pé kò sí àyípadà lára oògùn òun, ó sì tún tà fún un. Wọ́n ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń jó lọ́wọ́ kì í rántí òwe.

Eéwo ńlá kan wá yọ sí ọmọ náà lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn. Ara rẹ̀ gbóná débi pé ẹni tó bá gbé e á máa làágùn. Ìgbà yẹn ni Àpọ̀kẹ́ figbe ta pé òun ò ní jókòó sílé wo èyí náà kó kú. Ògúnkọ̀yà gbé ọmọ dé ojú títì, ó bẹ dírẹ́bà ọkọ̀ tó kó òwú, wọ́n jẹ́ kí ìyá àti ìyá-ọkọ jókòó sórí àpò òwú. Òun kò lè bá wọn lọ. Orúkọ rẹ̀ tún ti jáde fún iṣẹ́ ipá, bí kò bá sì yọjú, gáàdì á wá fi okùn mú un.

Ẹni tó gbà wọ́n nílé ìwòsàn ni Eugène, nọ́ọ̀sì ọmọ ẹ̀yà Ewe láti etí òkun, tó ń sọ èdè wọn bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu. Ó yẹ ọmọ náà wò níwájú lẹ́yìn. Ó wá mú ìgò kékeré kan jáde, ó ṣí i, ó fi hàn wọ́n. Ìyẹ̀fun funfun ni.

"Ṣé ọmọ yìí ti lo oògùn yìí rí?"

Àpọ̀kẹ́ dáhùn pé rárá, òun ò rí irú rẹ̀ rí láyé. Ó ní òrí Ìyá nìkan ni wọ́n fi ń pa ọmọ náà lára láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó sì yí ojú sí ìyá ọkọ rẹ̀, ojú tó kún fún ọpẹ́.

Ẹ má bi mí pé kí ló dí Ìbíọlá lẹ́nu. Bí ó bá sọ ọ́, Sàlísù wọ gàù. Bí ó bá sọ ọ́, Ìyá Olóòrí di ìyá onírọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kéré. Ojú Àpọ̀kẹ́ yẹn gan-an ni kò lè sọ ọ́ sí. Ó rò ó pé oògùn yìí náà ni wọ́n ṣáà fẹ́ fún un, ti òyìnbó sì lágbára ju ti Sàlísù lọ, ara ọmọ á yá, ọ̀rọ̀ náà á sì kú sínú òun. Ó tẹrí ba, ó ń tún ọ̀já tí kò tú so.

Wọ́n bu ìyẹ̀fun sí Olúgbódi lára, wọ́n fún un ní kóró rẹ̀ mu. Ìbíọlá bá ara rẹ̀ dá májẹ̀mú pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò sàn, òun á sọ. Ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà béèrè omi, ó sì jẹ ẹ̀kọ díẹ̀. Ìbíọlá ní ẹ ò rí i, ó ń sàn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Nígbà tí oòrùn máa fi là, ara ọmọ ti tún gbóná ju ti àná lọ. Ó ní òun á dúró di ọ̀la. Ọ̀la dé, Eugène tún bu ìyẹ̀fun sí i, ọyún gbé ìyẹ̀fun náà jáde bó ti wà. Àpọ̀kẹ́ kò sùn mọ́, kò jẹun mọ́, ó kàn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ. Ó wá fi orí ti Ìbíọlá léjìká, ó ní ká ní kì í ṣe ti òrí Ìyá tó ń dáàbò bò ó ni, èyí náà ì bá ti lọ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Ìbíọlá ju kí wọ́n fi ọ̀bẹ gún un lọ. Ó dìde, kò lè jókòó tì í mọ́.

Ó bá Eugène lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń fọ ọwọ́ lẹ́bàá agbada omi. Ó kúnlẹ̀ fún un, arúgbó kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí, ó sì sọ ọ́ tán: bébà Ògúnkọ̀yà, ìsọ̀ Sàlísù, ọlọ, ìkòkò, gbogbo ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọdún. Eugène gbé e dìde. Ó bínú gan-an, ṣùgbọ́n kò pariwo.

"Ìyá, àwọn kòkòrò tó ń jẹ egbò kéré ju ohun tí ojú ń rí lọ. Bí oògùn bá bò wọ́n lójijì, tó pọ̀, tí a sì lò ó tán, wọ́n á kú. Ẹ̀yin ń bù ú fún wọn tọ́ wò lójoojúmọ́. Àwọn aláìlágbára ti kú, àwọn alágbára ló kù, àwọn náà ló sì ń bímọ. A ti rí i lára àwọn sójà tó ń lo díẹ̀ tí wọ́n ń jù ú sílẹ̀. Ìyẹ̀fun yìí ò já mọ́ nǹkankan mọ́ lójú èyí tó wà lára ọmọ yín. Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ dé, ọjọ́ náà ni ǹ bá ti la eéwo yẹn."

Ìbíọlá bi í bóyá kò sí oògùn mìíràn. Ó ní tuntun kan wà lọ́wọ́ àwọn sójà òyìnbó níbi tí wọ́n ti ń jagun, kò tí ì dé Atakpamé. Ó gbé abẹ, ó wọlé. Ó la eéwo náà, ọyún tó ti inú rẹ̀ jáde kún abọ́. Ó fi omi kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àlùkò wẹ gbogbo egbò náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kò fi ìyẹ̀fun kan án mọ́. Kò sì sọ ohun tó gbọ́ fún Àpọ̀kẹ́. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, oró náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí òjò ń rọ̀ lórí páànù tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn ẹnìkejì, Olúgbódi na ọwọ́ òsì sí ìyá àgbà rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ìbíọlá di ìka kékeré yẹn mú. Ó dì í mú títí ó fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpọ̀kẹ́ kò sunkún. Ẹkún ti tán lójú rẹ̀ láti ìgbà àwọn tó ṣáájú. Ohun tó kù ni bí wọn ó ṣe gbé ọmọ délé, torí kò sí dírẹ́bà tó máa gbé òkú. Ìbíọlá ní kó gbé e fún òun. Ó pọ̀n ọ́n bí ẹni pọn ọmọ tó ń sùn, ó fi aṣọ bo orí rẹ̀, ó so ọ̀já le. Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Òórùn òrí ni Ìbíọlá kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹnikẹ́ni. Ọ̀ṣuntókí ni, ìyàwó ilé kejì ní abúlé wọn, ẹni tí kò tí ì pẹ́ tó bímọ. Ó gbé ọmọ ọwọ́ náà lé itan níwájú Eugène, ara ọmọ ń dán, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí rẹ̀ ti pọ́n bí oyin tó dà sílẹ̀. Ọ̀ṣuntókí kí Ìyá Olóòrí, ó béèrè ara Olúgbódi, ó ní inú òun dùn pé ó ti rí oorun sùn. Àpọ̀kẹ́ kàn ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Eugène mú ìgò ìyẹ̀fun, ó bi í ní ìbéèrè kan náà, bóyá ọmọ náà ti lo èyí rí. Ọ̀ṣuntókí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní oògùn wo, òrí Ìyá Olóòrí nìkan ni wọ́n mọ̀ nílé tiwọn. Eugène gbé ojú sókè, ó wo Ìbíọlá. Ó ń dúró dè é. Àpọ̀kẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà láti mọ ohun tó dá wọn dúró.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà rèé lóòótọ́, orí ọmọ kan sì ti wọ́ lẹ́yìn òun fúnra rẹ̀, tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Bí ó bá dákẹ́ nísinsìnyí, Àpọ̀kẹ́ kò ní mọ̀ láéláé. Wọn ó jọ lọ sílé, wọn ó jọ ṣọ̀fọ̀, Àpọ̀kẹ́ á sì máa fi orí tì í léjìká títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣuntókí figbe bọnu. Ìbíọlá la ẹnu.

"Kì í ṣe òrí lásán. Oògùn yìí ni mo ń lọ̀ sí i. Mo ti ń lọ̀ ọ́ sí i kí wọ́n tó bí Olúgbódi, òun ni mo sì fi pa á lára títí egbò rẹ̀ ò fi gbọ́ oògùn mọ́. Dókítà, ẹ má bu ìyẹ̀fun sí ọmọ yẹn. Omi àlùkò yẹn ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́."

Ọ̀ṣuntókí gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Àpọ̀kẹ́ dúró níbi tó wà títí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń gba ọ̀nà jíjìn bọ̀ wá bá a. Lẹ́yìn náà ó rìn wá, kò sáré. Ó lọ sẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀, ó tú ọ̀já.

"Ẹ fún mi lọ́mọ mi, Ìyá."

Ó gbà á, ó pọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, ó fi aṣọ bo orí rẹ̀, ó bọ́ sínú òjò. Kò wẹ̀yìn. Ìbíọlá ṣísẹ̀ kan láti tẹ̀lé e, ó dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù níbi tí ọmọ ti kúrò.

Eugène ti gbé ọpọ́n omi aláwọ̀ àlùkò wá. Ọmọ náà ń tapá tasẹ̀, Ọ̀ṣuntókí nìkan kò lè dì í mú dáadáa, ni Eugène bá ní kí Ìyá wá bá òun di orí rẹ̀ mú. Ìbíọlá na ọwọ́. Eugène wo ọwọ́ náà, ó ní kó kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ wà lẹ́bàá agbada. Ó lọ, ó fọ̀ ọ́, òrí tó ti wọ inú àwọ̀ rẹ̀ kò tètè kúrò, ó tún un fọ̀.